Ọkà Tó Ti Wọkọ̀ Lọ

Nígbà tí ọkọ̀ Píjó 504 ṣì ń jọba lójú títì, ẹni tó bá ń ti Ìbàdàn lọ sí Ṣakí ti mọ̀ pé gbogbo ọjọ́ náà ni ìrìn àjò yóò jẹ. Ọkọ̀ kì í gbéra títí èrò yóò fi kún, ẹrù lórí, ẹrù lẹ́yìn, adìyẹ lábẹ́ àga. A ó gba Ọ̀yọ́ kọjá, a ó yà sí ọwọ́ òsì, a ó kọrí sí Ìsẹ́yìn, ìlú àwọn tó ń hun aṣọ òfì, ibẹ̀ sì ni Òkè-Ògùn ti ń bẹ̀rẹ̀ lójú tèmi. Bí a bá ti fi Ìsẹ́yìn sílẹ̀, igbó á máa fọ́nká, ọ̀dàn á gba ilẹ̀: igi ẹmi, igi igbá, àpáta ràbàtà tó dá dúró láàárín oko, àti àwọn ilé amọ̀ gogoro tí àwọn àgbẹ̀ fi ń finá gbẹ ewé tábà fún ilé iṣẹ́ sìgá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, eruku pupa á bo gbogbo wa láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

Láàárín 1986 sí 1989 ni mò ń wí. Ọ̀dà ti ṣí kúrò lójú títì níbi púpọ̀, dẹ́rẹ́bà á sì máa fi ọkọ̀ jó láàárín kòtò. Àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù náà wà lójú ọ̀nà, nítorí Ṣakí kò jìnnà sí ẹnubodè ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ìjọba sì ti fòfin de ìrẹsì òkèèrè láti 1985. Bí wọ́n bá dá ọkọ̀ dúró, tí wọ́n ń fi irin gún àpò ẹrù wò, oòrùn á ti dé àtàrí kí wọ́n tó ní ká máa lọ. Nígbà tí a bá fi máa dé Òkàkà, tó wà láàárín Ìsẹ́yìn sí Ṣakí, ebi á ti pa gbogbo ọkọ̀ lẹ́nu mọ́.

Òkàkà ni ilé olóńjẹ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà. Kò ní orúkọ kan lára ògiri. Orúkọ ìyá tó ni ín ni èrò fi ń pè é, n ó sì fi orúkọ náà sílẹ̀ níbi tó wà. Òkìkí rẹ̀ kàn dé Ìbàdàn. Ní gáréèjì, kí ọkọ̀ tó gbéra, ẹ ó gbọ́ tí èrò kan ń bi dẹ́rẹ́bà pé, "Ṣé Òkàkà la ti máa jẹun?" Bí dẹ́rẹ́bà bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ara oníbéèrè á balẹ̀. Mo mọ àwọn tó máa ń kọ àkàrà ní Ìsẹ́yìn nítorí kí ikùn wọn lè gba ọkà Òkàkà.

Ẹnu bọ̀dá mi àgbà ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ nípa rẹ̀. Olùkọ́ ni bọ̀dá mi ní Ṣakí, ẹni tó mọ oúnjẹ jẹ, tó sì mọ̀ ọ́n ròyìn. Ìgbà owó Udoji ló máa ń sọ, ní 1975, nígbà tí owó oṣù lọ sókè, tí ìjọba tún san àjẹsílẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí olúkúlùkù ń ra rédíò àti aago ọwọ́. Ó ní nígbà yẹn, bí òun bá ń bọ̀ wálé fún ìsinmi, Òkàkà lòun ti máa ń sọ̀ kalẹ̀ jẹun. Ó ní ọkà ibẹ̀ dúdú, ó ń dán bí ara ọmọ tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òrí pa. Bí ènìyàn bá fi ìka kàn án, á fà, kò ní lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Ó ní gbẹ̀gìrì wọn nípọn, irú ń ta sánsán nínú rẹ̀, ewédú ń yọ̀. Ẹran ìgalà tí àwọn ọdẹ pa nínú ọ̀dàn wà níbẹ̀, ọ̀yà wà níbẹ̀, ẹyẹ awó náà wà níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí wọ́n bá ti jó igbó. Màmá wa á ní kó dákẹ́, pé ṣé ọbẹ̀ òun ló ń bú ni. Bọ̀dá á rẹ́rìn-ín, á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ọkà.

Ó yẹ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, ọkà kì í ṣe àjèjì nílé wa. Ṣùgbọ́n gbogbo ìyá tó ń ro ọkà ní Ìbàdàn ló mọ̀ pé Òkè-Ògùn ni èlùbọ́ gidi ti ń wá: Ṣakí, Ìgbòho, Kìsí, Òtù, Òkàkà, àti àwọn oko tó yí wọn ká. Ilẹ̀ ibẹ̀ gba iṣu, ẹ̀ẹ̀rùn ibẹ̀ gùn, ọyẹ́ ibẹ̀ sì ń gbẹ nǹkan. Bí wọ́n bá wa iṣu tán, wọ́n á bẹ ẹ́, wọ́n á kó o sínú omi tó gbóná. Omi náà kò gbọdọ̀ hó, nítorí bí iṣu bá ti jinná, ó ti bàjẹ́ fún èlùbọ́ nìyẹn. Wọ́n á bò ó mọ́ inú omi náà di ọjọ́ kejì, wọ́n á wá kó o jáde lọ sá sórí àpáta, níbi tí oòrùn ti ń gbẹ ẹ́ lókè, tí òkúta gbígbóná sì ń gbẹ ẹ́ nísàlẹ̀. Bí ọyẹ́ bá mú dáadáa, kò ní pẹ́ tí á fi le gbandi, tí á máa dún bí ènìyàn bá fi ọ̀kan lu èkejì. Bí òjò àìròtẹ́lẹ̀ bá pa á, á bu, ọkà rẹ̀ á sì máa kan. Èyí tó gbẹ dáadáa ni wọ́n ń lọ̀, tí wọ́n ń kù, tí wọ́n ń dì sínú àpò.

Láti kékeré ni mo ti ń rí àpò wọ̀nyẹn lórí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń ti Òkè-Ògùn wọ Ìbàdàn, tí ìyẹ̀fun ti sọ àwọn alábàárù di eléérú. Mo wá ń rò ó lọ́kàn mi pé bí èlùbọ́ tó ti rìn jìnnà bẹ́ẹ̀ bá ń dùn tó báyìí lọ́dọ̀ wa, báwo ni yóò ti dùn tó nílé ara rẹ̀?

Ní 1987, ìyàwó bọ̀dá bímọ ní Ṣakí, màmá wa sì ní kí n gbé ẹrù ìkómọ lọ ṣáájú òun. Ìgbà yẹn ni mo tó fúnra mi jókòó sí ilé olóńjẹ náà.

Ìyá alájàpá kan ló jókòó tì mí nínú ọkọ̀. Ọmọ Àgọ́-Àrẹ ni, ó ń ti Ìbàdàn padà sílé lẹ́yìn tó ti ta èlùbọ́ tó kó wá, àpò òfìfo tó ká jọ ló gbé lé ẹsẹ̀. Ó mọ gbogbo ọjà ọrọọrún tó wà lójú ọ̀nà náà, ó mọ èyí tí iṣu ti ń pọ̀ níbẹ̀ àti èyí tí ata ti ń pọ̀. Nígbà tí a dúró díẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, ó ra ẹ̀kọ, ó tún ra wàrà lọ́wọ́ obìnrin Fúlàní kan. Ó nà án sí mi. Mo dúpẹ́, mo ní mo ń dúró de ọkà Òkàkà ni mà.

"Ọmọ mi, ṣé o ò jẹ nǹkan kan kúrò nílé ni?"

"Mo fi ààyè sílẹ̀ fún ọkà ni, mà."

Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó sì ń jẹ ẹ̀kọ rẹ̀ lọ.

A dé ibẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Ọkọ̀ tó wà níta kì í ṣe kékeré: Píjó, Datsun, bọ́ọ̀sì Urvan, ọkọ̀ akẹ́rù Bedford tó kó iṣu. Igi ọ̀dán ńlá kan wà níwájú ilé, àwọn èrò tí kò ríbi jókòó sí lábẹ́ páànù dúró sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àwo lọ́wọ́. "Ẹ bù ú wá!" "Ẹran tèmi dà?" "Ẹ fún wa lómi o!" Àwọn ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ ń sáré, wọn ò wo ojú ẹnikẹ́ni. Inú mi dùn. Mo ní ibi tí èrò bá pọ̀ tó báyìí, ìkòkò ibẹ̀ kò lè parọ́.

Mo ní kí wọ́n bu ọkà náírà kan fún mi, gbẹ̀gìrì àti ewédú, ẹran méjì. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ sanwó. Mo san án. Ó pẹ́ kó tó dé, nígbà tó sì dé, mo rò pé ti ẹlòmíràn ni wọ́n gbé fún mi.

Ọkà náà kò dúdú, kò sì funfun. Láfún ni wọ́n pò mọ́ èlùbọ́, láfún náà sì ti borí. Ó lẹ̀ mọ́ ìka mi. Kókó wà nínú rẹ̀, nígbà tí mo sì fọ́ kókó kan, ìyẹ̀fun gbígbẹ ló tú jáde. Ẹni tó bá ti rí ìyá rẹ̀ nídìí ọkà mọ ohun tó ṣẹlẹ̀: wọ́n da ìyẹ̀fun sínú omi, wọ́n rò ó lẹ́ẹ̀kan, wọn kò wọ́n omi sí i, wọn kò dé e kó tún jinná, wọn kò rò ó lẹ́ẹ̀kejì. Ọkọ̀ pọ̀ níta, kò sí àyè. Gbẹ̀gìrì ṣàn lọ sí etí àwo, ẹ̀wà lọ́tọ̀, omi lọ́tọ̀, kò sì sí irú nínú rẹ̀ rárá, Mágì nìkan ni. Èyí ló dùn mí jù. Láti Ìsẹ́yìn ni a ti ń rìn láàárín igi igbá, igi tí irú ti ń jáde, tí àwọn obìnrin ibẹ̀ ń sè, tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí gbogbo ayé, kí á wá dé àárín rẹ̀ kí á jẹ gbẹ̀gìrì tí kò mọ irú! Káún ti pọ̀ jù nínú ewédú. Ẹran méjì tí mo sanwó fún, ọ̀kan jẹ́ pọ̀nmọ́, èkejì jẹ́ eegun tí ẹran díẹ̀ lẹ̀ mọ́.

Ti ẹran, mo lè fara mọ́ ọn. Àrùn tó jà láàárín màlúù ilẹ̀ wa ní 1983 pa wọ́n lọ́pọ̀ yanturu, ọ̀pọ̀ darandaran ló pàdánù gbogbo agbo rẹ̀, ẹran sì wọ́n. Ṣùgbọ́n iṣu kò ní àrùn ní Òkàkà. Mo ń wo ọkọ̀ Bedford tó kó iṣu bí mo ti jókòó, iṣu náà ga dé ibi tí wọ́n ti fi okùn dè é.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jókòó níwájú mi pe ọmọbìnrin tó gbé oúnjẹ wá.

"Àǹtí, kí nìyí?"

"Ọkà ni."

"Ọkà iṣu?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ọkọ̀ mìíràn ti dé," ni ọmọbìnrin náà sọ, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà mi orí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Ebi ń pa á. Ebi ń pa èmi náà.

Nígbà tí mo dìde láti lọ fọwọ́ lẹ́yìn ilé, mo rí àwọn dẹ́rẹ́bà. Yàrá kékeré kan ni wọ́n wà, wọ́n ta aṣọ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń gbé aṣọ náà sókè sódò. Dẹ́rẹ́bà tiwa wà láàárín wọn. Ọkà tí bọ̀dá mi ròyìn fún mi wà nínú àwo rẹ̀: ó dúdú, ó ń dán, ooru ń rú lórí rẹ̀. Gbẹ̀gìrì nípọn, òórùn irú gba gbogbo yàrá. Ẹran ìgbẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tóbi ju ọwọ́ mi lọ. Dẹ́rẹ́bà rí mi, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ wá jẹun." Ọ̀rọ̀ tí ọmọ Yorùbá ń sọ fún ẹni tó bá bá a nídìí oúnjẹ ló sọ, èmi náà sì dá a lóhùn bó ṣe yẹ pé á gba ibi ire o.

Mo bi ọmọ tó ń fọ àwo níbẹ̀ pé èló ni wọ́n ń ta irú ọkà yẹn.

Ó ní wọn kì í tà á. Ti àwọn dẹ́rẹ́bà ni. Ọ̀fẹ́ ni.

Kí ẹni tí kò rìn ní ayé ìgbà náà lè mọ̀ ọ́n: dẹ́rẹ́bà ló ń yan ibi tí èrò yóò ti jẹun. Èrò kò lè sọ pé kí wọ́n dúró ní Ìpàpó tàbí kí wọ́n sún un di Tédé. Ibi tí dẹ́rẹ́bà bá pa iná ọkọ̀ sí, ibẹ̀ náà ni ikùn gbogbo yín dúró sí. Nítorí náà, olóńjẹ tó bá gbọ́n a máa tọ́jú dẹ́rẹ́bà. N kò bá wọn jà lórí ìyẹn. Ẹni tó di ẹ̀mí èèyàn mú lórí kòtò bẹ́ẹ̀ yẹ ní ẹni tí à ń fún lóúnjẹ. Ohun tó ká mi lára ni pé ìkòkò di méjì. Èrò tó bá jẹun tí kò dùn lónìí lè má gba ọ̀nà náà kọjá mọ́ títí ọdún yóò fi yí po, dẹ́rẹ́bà sì ń bọ̀ lọ́la. Báyìí ni ilé kan ṣe lè kún fọ́fọ́ lójoojúmọ́ tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó kún un tó tún fẹ́ padà wá.

"Ìyá, ẹ mọ̀, ẹ ò sì sọ fún mi," mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá alájàpá nígbà tí ọkọ̀ ti gbéra.

Ó rọra rẹ́rìn-ín. "Bí mo bá sọ, ṣé o máa gbà? Ọmọ mi, ọkà tí ò ń wá ti wọkọ̀ lọ. Ó ti dé Ìbàdàn, ó ti dé Èkó. Èmi gan-an wà lára àwọn tó ń gbé e lọ. Díẹ̀ tó ṣẹ́ kù ló wà lẹ́yìn aṣọ yẹn."

Ó ń ṣàlàyé títí a fi dé Tédé. Ó ní nígbà kan, ọjọ́ ọjà ni èlùbọ́ máa ń jáde, àwọn ìyàwó ilé àti àwọn olóńjẹ á kọ́kọ́ rà á, ohun tó bá kù ni àwọn alájàpá á kó. Ó ní ó ti yí padà báyìí. Àwọn ọlọ́kọ̀ ń ti Èkó wá bá àgbẹ̀ nínú oko, wọ́n ń san owó iṣu nígbà tí iṣu ṣì wà nínú ebè, wọ́n ń san owó èlùbọ́ nígbà tó ṣì wà lórí àpáta. Kí olóńjẹ tó jí dé ọjà, wọ́n ti dì í sápò. Owó tí olóńjẹ fi ń ra èlùbọ́ iṣu tẹ́lẹ̀, láfún ló ń fi rà báyìí, kò sì lè fi kún owó ọkà, torí èrò ọkọ̀ á pariwo lé e lórí.

"Ẹ̀yin ará Ìbàdàn lẹ jẹ ẹ́," ó sọ ọ́ láìbínú. "Ẹ ò jẹ ìrẹsì mọ́, ọkà lẹ kọjú sí."

Òótọ́ ló sọ, èmi náà sì ti ń rí i nílé wa láìmọ ohun tí mò ń rí. Ìrẹsì òkèèrè tí ilé kọ̀ọ̀kan ń sè ní gbogbo ìgbà ti di ti ọdún àti ìnáwó. Ní oṣù kìíní 1987, ìjọba tún fòfin de àlìkámà tí wọ́n ń kó wọlé, búrẹ́dì sì gbówó lórí. Ní 1985, náírà kan ṣì ju dọ́là Amẹ́ríkà kan lọ. Lẹ́yìn tí ìjọba Babangida gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP dé ní 1986, kò pẹ́ tó fi di nǹkan bí náírà mẹ́rin kí a tó rí dọ́là kan. Gbogbo ohun tó ń ti òkè òkun bọ̀ wọ́n gógó, àwọn ará ìlú ńlá sì padà sídìí gàrí, ẹ̀bà, ọkà. Lórí rédíò, wọ́n ń sọ pé ohun tó dára ni, pé àgbẹ̀ yóò rí owó. Àgbẹ̀ rí owó lóòótọ́, mo rí ilé oníbíríkì tuntun lójú ọ̀nà náà ní àwọn ọdún yẹn, páànù rẹ̀ ń kọ mànà nínú oòrùn. Ìjọba tún dá iléeṣẹ́ DFRRI sílẹ̀ ní 1986 láti la ọ̀nà oko, oko tí ọkọ̀ kò wọ̀ rí sì bẹ̀rẹ̀ sí í rí ọkọ̀ akẹ́rù. Kò sí ẹni tó bèèrè nígbà náà pé kí ni yóò kù nínú ìkòkò àwọn tí kò ní oko, àwọn tí ń rà jẹ ní àárín ilẹ̀ oúnjẹ gan-an.

Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ mi yé lórí láfún. Láfún kì í ṣe oúnjẹ ẹ̀tàn. Àwọn Ẹ̀gbá fẹ́ràn rẹ̀, mo ti jẹ ẹ́ ní Abẹ́òkúta pẹ̀lú ewédú, mo sì lá ọwọ́. Bí ìyá Òkàkà bá sọ pé láfún lòun ní lónìí, èlùbọ́ ti tán, mo gbà pé ọ̀pọ̀ wa ni ì bá jẹ ẹ́ láìkùn. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó jẹ́ kí òkìkí ìgbà kan máa ta ọkà fún un, ó gbowó ọkà, ó fún wa ní ohun mìíràn, ó wá gbé ọkà gidi pamọ́ sẹ́yìn aṣọ. Mo ti gbìyànjú láti dárí jì í, mo sì mọ ohun tí èlùbọ́ ń jẹ́ ní ọdún yẹn. Síbẹ̀, nígbà tí mo bá rántí ọ̀dọ́mọkùnrin tó bèèrè pé "kí nìyí?" tí wọn kò dá a lóhùn, inú mi ṣì ń bàjẹ́.

Ilé olóńjẹ náà kò sí mọ́ nígbà tí mo tún gba ibẹ̀ kọjá ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń ti Ìbàdàn bọ̀ kì í tilẹ̀ gba Ọ̀yọ́ mọ́. Ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn, kìlómítà 65, tí wọ́n tún ṣe nígbà ìjọba Ṣèyí Mákindé, ni wọ́n ń gbà. Ìrìn àjò ti yá. Èrò ń jẹ bisikíìtì nínú ọkọ̀, wọ́n ń mu omi inú ọ̀rá, wọ́n sì ti dé. Iṣu gbígbẹ ṣì wà lórí àpáta nígbà ọyẹ́, ọkọ̀ tó ń dúró dè é sì tóbi ju ti àtijọ́ lọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo jẹ ọkà náà ní 1987, bọ̀dá mi kò tilẹ̀ jẹ́ kí n sọ ẹrù kalẹ̀ tán ní Ṣakí.

"Ṣé ẹ dúró ní Òkàkà?"

"A dúró, bọ̀dá mi."

"Ẹn-ẹ́n! Ọkà ńkọ́?"

Mo rò ó fún un. Ó ní bóyá ilé mìíràn ni mo wọ̀. Mo júwe igi ọ̀dán fún un, mo júwe bí páànù ṣe tẹ̀ síwájú. Ó ní ibẹ̀ náà ni. Ó ní ṣé ìyá àgbà kan tó kúrú, tó máa ń jókòó ti ìkòkò, ló bù ú fún mi. Mo ní n kò rí ìyá àgbà kankan, ọmọdé ni gbogbo wọn, wọ́n sì ń sáré. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, kì í ṣe bó ṣe máa ń ròyìn rẹ̀ nílé. Ó ní ìkòkò kan ṣoṣo ló wà nígbà náà, ẹ̀gbẹ́ kan náà ni dẹ́rẹ́bà àti èrò ń jókòó sí, ìyá náà ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ bu oúnjẹ. Á bi ẹni tó bá ń jẹun pé níbo ló ń lọ, á bi í pé ta ló fẹ́ lọ kí. Bí òun bá ń bọ̀ láti Ṣakí, á ní "Tíṣà ti dé," á sì fi èènì ẹran kan lé e. Èènì yẹn ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ jù.

Ìyá ìyàwó rẹ̀, tó wá wẹ ọmọ, gbé ọkà síwájú wa lálẹ́. Èlùbọ́ tí òbí ọmọ ilé ìwé kan fi ta wọ́n lọ́rẹ ni. Ó dúdú, ó dán, ó fà. Mo jẹ ẹ́, mo tún gba sí i. Bọ̀dá kò jẹ púpọ̀. Ó ṣì ń bi mí léèrè nípa gbẹ̀gìrì, bóyá wọ́n kàn gbàgbé irú lọ́jọ́ náà ni.

Nígbà tí ilé ìwé parí, ó wá sí Ìbàdàn fún ìsinmi. Ó ti sọ fún mi pé òun yóò dúró ní Òkàkà, òun yóò sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Màmá wa, tó mọ ọ̀rọ̀ náà, kò jẹ́ kó jókòó tán kó tó bi í pé ọkà Òkàkà ńkọ́.

Bọ̀dá ní èrò pọ̀ níbẹ̀.

Màmá ní àbí kò jẹun ni.

Ó ní òun jẹ ẹ́, òun sì jẹ ẹ́ tán, nítorí òun ti sanwó.